Láti Ọwọ́ Alájọ Dé Orí Fóònù: Ta Ló Ń Bá Wa Tọ́jú Owó?

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, owó di ọjà tí à ń fi owó rà ní Nàìjíríà. Báǹkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún tó ṣáájú pé òun yóò pààrọ̀ àwọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n kó ti àtijọ́ nílẹ̀, ti tuntun kò sì tó ná. Àwọn ènìyàn ń sùn sí ẹnu ọ̀nà báǹkì. Ní àwọn àdúgbò kan, ẹni tó fẹ́ gba ₦10,000 lọ́wọ́ oní-POS ń san ₦2,000 lé e. Áàpù àwọn báǹkì ńláńlá ń dákú, ó ń jí: owó yóò yọ lára ẹni tó fi í ránṣẹ́, kò sì ní dé ọwọ́ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú rògbòdìyàn yìí ni ìyá aláta, awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé, «Èwo ni tìrẹ tó ń yára wọlé?» Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà kì í ṣe orúkọ báǹkì tí àwọn òbí wa mọ̀. OPay ni, PalmPay ni, Moniepoint ni, Kuda ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ tuntun ni èyí, pé fóònù ló bí i. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí. Ẹni tó ń tọ́jú owó yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan. Ẹlòmíràn yóò dìde, yóò ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Wọn yóò rọ́ lọ. Òfin yóò sì máa sáré tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni bí òfin ṣe máa ń pẹ́ tó kí ó tó dé, àti ẹni tó máa ń san gbèsè ìpẹ́ náà.

Kí Òyìnbó tó kó báǹkì dé, a ní èsúsú. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé àṣà náà dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu títí di òní. Alájọ yàtọ̀ díẹ̀ sí èsúsú. Òun ni ó ń wá bá ọ ní ìsọ̀ rẹ lójoojúmọ́, tí ó ń gba owó tí ẹ jọ fẹnu kò sí, tí yóò kó gbogbo rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ nígbà tí oṣù bá parí, lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó ọjọ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní kò nílò ìwé láti rántí iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan dá, tí ó sì ta mọ́tò rẹ̀ kí ó lè ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá gún kẹ̀kẹ́ lè wọ àwọn gbàgede tí mọ́tò kò lè wọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ilé-iṣẹ́ orí fóònù ń lò lónìí wà nínú ìtàn kẹ̀kẹ́ yẹn: lọ bá oníbàárà níbi tó wà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i. Bí alájọ kan bá kú, tàbí tí ó sá lọ, ọjà kan ni yóò sunkún. Ẹkún náà kì í dé ọjà kejì.

Báǹkì àkọ́kọ́ wọ Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1890, nítorí pé àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi Òyìnbó nílò ibi tí wọn yóò máa kó owó sí. Ní 1894, Bank of British West Africa gba iṣẹ́ náà. Òun ni ó di First Bank lónìí. Òun nìkan ni ìjọba amúnisìn fún láṣẹ láti máa kó owó fàdákà wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè bá a figagbága. Báǹkì Òyìnbó mìíràn, èyí tó di Barclays lẹ́yìn náà, dé ní 1917. Ẹ̀sùn tí àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú fi kan àwọn méjèèjì kò yí padà fún ọ̀pọ̀ ọdún: wọ́n ń gba owó wa pa mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá wá yá owó, wọn a ní kí a mú ìdógò tí a kò ní wá. Owó àgbẹ̀ oníkòkó ń wọlé, àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó ni wọ́n sì ń yá a fún.

Ìbínú yìí ló bí àwọn báǹkì ọmọ ilẹ̀. Industrial and Commercial Bank bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ó kú ní 1930. Nigerian Mercantile Bank tẹ̀lé e ní 1931, òun náà kò kọjá 1936. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló a sá; síbẹ̀ àwọn ọmọ Èkó kò sá. Ní 1933, Dókítà Akinọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Ṣúbáírù dá National Bank of Nigeria sílẹ̀. Ní 1945, Olóyè Mathew Adékúnlé Òkúpè dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Agbọ́nmágbẹ. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an. Odò tí a ń gbọ́n tí kì í gbẹ: kò sí ohun tí oníbàárà tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń bá a tọ́jú owó.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, báǹkì di ohun tí gbogbo ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù lè dá sílẹ̀. Kò sí òfin kankan tó sọ bí báǹkì ṣe gbọ́dọ̀ rí. Bí o bá ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ta ìṣó tàbí aṣọ, o lè kọ «Báǹkì» sí ara pátákó rẹ, kí o sì máa gba owó lọ́wọ́ aráàlú. Ìjọba amúnisìn pe G. D. Paton láti Bank of England ní 1948 kí ó wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ pé òfin ń bọ̀, ńṣe ni wọ́n túbọ̀ sáré. Láàárín 1951 sí 1952, báǹkì tuntun ń yọ bí olú, nítorí pé olúkúlùkù fẹ́ wọlé kí ilẹ̀kùn tó sé.

Òfin Báǹkì dé ní 1952. Ó ní báǹkì ọmọ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ tó dín ní £12,500, ti ilẹ̀ òkèèrè £100,000, ó sì fún àwọn tó ti wà nílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta láti tún ara wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ kò rí ọdún mẹ́ta náà lò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn olùdarí yá owó oníbàárà fún ara wọn àti fún ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n la ẹ̀ka káàkiri kí wọ́n tó rí ẹni tó mọ ìṣirò owó fi síbẹ̀. Nigerian Farmers and Commercial Bank, tí ó lókìkí jù nínú àwọn tuntun náà, wà nínú àwọn tó ṣubú. Nígbà tí 1954 fi máa parí, ọ̀pọ̀ jùlọ báǹkì tí ọmọ ilẹ̀ yìí dá sílẹ̀ ti kógbá sílé.

Ta ló san gbèsè náà? Aráàlú ni. Kò sí báǹkì àpapọ̀ tó lè yá báǹkì tó ń mì lówó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lè mí. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di oṣù Keje ọdún 1959. Kò sí àjọ adójútòfò fún owó tí a fi sí báǹkì. Ọdún 1989 ni NDIC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá kó owó kòkó rẹ̀ sí báǹkì tó ṣubú ní 1953 kò rí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó burú jù lójú tèmi ni pé kò sí bí onítọ̀hún ṣe lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Pátákó National Bank àti pátákó báǹkì alágbèédá jọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sí ara àwọn méjèèjì.

N óò yára kọjá lórí àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ wọ́n. Báǹkì tún pọ̀ yanturu lẹ́yìn 1986. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 2004, Charles Soludo ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà. Báǹkì 89 di 25. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé-ìròyìn lákòókò náà, mo sì rántí pé ìbéèrè tí àwọn òǹkàwé ń bi wá kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn rárá. «Ṣé owó mi ṣì wà níbẹ̀?» ni gbogbo wọn ń béèrè.

Àwọn báǹkì tó kù wá tóbi, wọ́n sì lágbára. Wọ́n tún padà sí ìwà báǹkì ayé amúnisìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì gbọ́dọ̀ mú ìwé iná wá, kí ó wá àwọn tó máa dúró fún un, kí ó sì tò sórí ìlà láti òwúrọ̀. Ìyálọ́jà tó ń gbé inú yàrá kan, tí ìwé iná ilé rẹ̀ wà ní orúkọ baálé tó ti kú, níbo ni yóò ti rí ti ẹ̀? Ó padà sọ́dọ̀ alájọ.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ni pé Báǹkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ìṣúná, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fíńtẹ́ẹ̀kì, gbà wọlé. Ní 2011, NIBSS, tí Báǹkì Àpapọ̀ àti àwọn báǹkì jọ ni, gbé ètò kan kalẹ̀ tí owó fi lè kúrò ní báǹkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò àìfowó-beere-ná ní Èkó. Ní 2013, wọ́n fi òfin gba aṣojú báǹkì láàyè, àwọn tí gbogbo wa wá mọ̀ sí oní-POS. Ní 2014, nọ́ńbà ìdánimọ̀ BVN dé. Ní Kẹ́ńyà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó dá M-Pesa sílẹ̀ ní 2007, tí ó sì gba gbogbo ọjà. Níhìn-ín, Báǹkì Àpapọ̀ kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣáájú. Títí di 2018 ni kò tó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún wọn. Àyè tí ó ṣófo yẹn ni fíńtẹ́ẹ̀kì kún. Wọ́n pín ẹ̀rọ POS fún àwọn ènìyàn lábẹ́ agboòrùn, wọ́n jẹ́ kí a fi nọ́ńbà fóònù ṣe nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n sì wọ gbàgede tí mọ́tò kò lè wọ̀.

Ní ti ìdíje, èrè tó bá aráàlú hàn gbangba. Àwọn báǹkì tó ń ṣe bí ẹni pé oníbàárà ń yọ wọ́n lẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Báǹkì tó kọ́kọ́ gbé báǹkì orí fóònù pátápátá kalẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn ALAT ní 2017, ni Wema. Wema ni orúkọ tí Agbọ́nmágbẹ ń jẹ́ láti 1969, òun náà ló sì gba National Bank mọ́ra ní 2005. Méjì nínú àwọn tó yè nínú ìjì 1954 wà nínú agbo ilé kan náà, àwọn ló sì kọ́kọ́ gbọ́ ìró ìjì tuntun.

Ọ̀rọ̀ òfin ni ó le. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ fún OPay, PalmPay, Kuda àti Moniepoint pé wọn kò gbọdọ̀ gba oníbàárà tuntun mọ́, títí wọn yóò fi tún ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá oníbàárà mọ̀ ṣe. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ṣàkíyèsí nígbà náà ni pé àwọn mẹ́rin tí a kà papọ̀ yìí kò ní irú ìwé àṣẹ kan náà. Kuda àti Moniepoint ní ìwé àṣẹ báǹkì kéékèèké, ìyẹn microfinance. OPay àti PalmPay ní ti olówó orí fóònù nígbà náà. Kò sí èyí tó jẹ́ báǹkì ńlá bíi First Bank. Nígbà náà, òfin tí a ṣe nítorí ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń yá alágbẹ̀dẹ lówó ní ìlú kan ni a fi ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ tí oníbàárà rẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Èmi kò dá àwọn ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi. Ilẹ̀kùn tó ṣí ni wọ́n gbà wọlé.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ṣe POS ní ìkóríta àdúgbò wa pé irú ìwé àṣẹ wo ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń lo ẹ̀rọ wọn ní. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. «Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ o. Tí alẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, ó tán.» Kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ka pátákó ní 1952.

Nísinsin yìí ni kí a padà sí ọ̀rọ̀ alájọ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí owó àdúgbò wà lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún alájọ, ìṣubú ẹnì kan kò lè mi ìlú. Lónìí, oní-POS ọgọ́rùn-ún lè wà ní òpópónà kan, kí gbogbo wọn máa lo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀pọ̀ owó wọn sì máa gba ọ̀nà NIBSS kọjá. Agboòrùn pọ̀, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n so mọ́ kò pọ̀.

Ìyára náà tún wà ńbẹ̀. Ní ayé Farmers Bank, ẹni tó bá gbọ́ àhesọ gbọ́dọ̀ wọṣọ, kí ó wọ ọkọ̀, kí ó tò. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí òfin báǹkì wọn gbó ju tiwa lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn oníbàárà Silicon Valley Bank fi fóònù àti kọ̀ǹpútà béèrè fún bílíọ̀nù 42 dọ́là láàárín ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, báǹkì náà ti kú. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Synapse, tó dúró láàárín àwọn áàpù ìfowópamọ́ àti àwọn báǹkì tí owó wà lọ́dọ̀ wọn gan-an, wọ gbèsè. Báǹkì kankan kò ṣubú níbẹ̀. Ìwé ìṣirò tó sọ ẹni tó ni owó wo ni kò bára mu. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tí kò rí owó wọn fọwọ́ kàn, nítorí pé adójútòfò ìjọba wọn kì í sanwó àyàfi bí báǹkì bá ṣubú. Alágbàtà ló ṣubú, òfin kò sì ka alágbàtà sí.

Nílé wa, nǹkan ti dára sí i ju ti 1954 lọ, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ Heritage Bank ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, NDIC fi BVN wá àkáǹtì tí àwọn oníbàárà ní sí àwọn báǹkì mìíràn, wọ́n sì san owó sí i fún wọn, títí dé mílíọ̀nù 5 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kọ lẹ́tà kankan. Ẹ̀rọ tó lè mú kí báǹkì kú láàárín ọjọ́ kan ni ó mú kí owó padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oṣù kan ṣáájú ni NDIC ti gbé iye náà sókè láti ₦500,000. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iye náà ṣe pín. Bí owó yín bá wà ní báǹkì ńlá, mílíọ̀nù 5 ni. Bí ó bá wà ní microfinance, mílíọ̀nù 2 ni. Bí ó bá wà lọ́dọ̀ olówó orí fóònù, mílíọ̀nù 5 ni, ṣùgbọ́n ìdójútòfò náà wà fún ìgbà tí báǹkì tí wọ́n kó owó náà sí bá ṣubú. Áàpù mẹ́ta lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fóònù kan, kí àwọ̀ wọn máa dán bákan náà, kí ohun tó wà lẹ́yìn wọn yàtọ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni áàpù àwọn oníjìbìtì tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn náà lè jókòó síbẹ̀. Ẹ bi àwọn tó kó owó sí MMM ní 2016 àti CBEX ní 2025.

Òfin 1952 ṣe ohun kan tó dára láìka bí ó ṣe pẹ́ tó: ó gba ọ̀rọ̀ náà «Báǹkì» lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà ni ohun tí a kọ sí ara pátákó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Báǹkì Àpapọ̀ lè ṣe bákan náà fún ojú fóònù láìná kọ́bọ̀ kan: kí gbogbo áàpù tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú kọ irú ìwé àṣẹ tí ó ní àti iye tí NDIC yóò san sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ní èdè tí oníbàárà ń sọ, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà bí iye owó tó wà nínú àkáǹtì náà. Kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agboòrùn àwọn oní-POS pẹ̀lú.